Wàrà Ọmọ Òrukàn: Ìtàn Agolo tí à ń rà fún Ìkókó

Ẹni tó bá wọ ilé ìtajà oògùn ní Àjàṣẹ́, ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́ lónìí láti ra wàrà fún ọmọ tuntun yóò bá ọ̀pọ̀ agolo lórí pẹpẹ. Òmíràn ní nọ́ńbà 1 lára, òmíràn ní 2, òmíràn ní 3. Ọ̀kan wà fún ọmọ tó máa ń pọ oúnjẹ, ọ̀kan wà fún ọmọ tí inú ń run, ọ̀kan wà fún ọmọ tí ebi kì í tètè dá. Onítọ̀hún a wo ọ̀tún, a wo òsì, a sì bi ẹni tó ń tajà pé èwo ló dára jù nínú wọn. Ìbéèrè yẹn kò burú, ṣùgbọ́n ìtàn fi hàn pé òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Èyí tó yẹ kó ṣáájú ni pé: irú ọmọ wo ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe agolo yìí?

Olùkọ́ ni mí, n kì í ṣe oníṣègùn. Ọ̀nà ìtàn ni n ó gbà dáhùn. Ìdáhùn náà kò ṣòro. Ọmọ tí kò rí ọmú mu ni wọ́n ṣe é fún: ọmọ òrukàn, ọmọ tí ìyá rẹ̀ wà lórí àìsàn, ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Níbi tí wàrà náà ti dúró lọ́dọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí, ó gba ẹ̀mí là. Ìgbà tí wọ́n gbé e lọ bá ọmọ tí ìyá rẹ̀ jókòó tì í, tí ọmú sì kún àyà ìyá náà, ni ọ̀rọ̀ yíwọ́. Apá tó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn yìí, èyí tí n kò rí kí a máa kọ́ àwọn ọmọ wa nílé ẹ̀kọ́, ilẹ̀ Yorùbá gan-an ló ti ṣẹlẹ̀.

Kí agolo tó dé

Wàrà kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn Fúlàní darandaran ń kiri rẹ̀ ní ọjà wa, wọ́n sì ń sọ ọ́ di wàgàsì tí à ń dín jẹ. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kò ka wàrà màlúù sí oúnjẹ ìkókó. Ọmú ni oúnjẹ ìkókó, ọmọ a sì máa mu ún fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Ní gbogbo àkókò yẹn, ìyá ọlọ́mọ kì í sún mọ́ ọkọ, kí oyún mìíràn má baà já ọmọ lẹ́nu ọmú láìtọ́jọ́. Lóde òní, fífi àlàfo sáàárín ọmọ ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń ṣe ìpàdé ńláńlá lé e lórí. Àwọn ìyá wa àtijọ́ kò pe ìpàdé kankan. Wọ́n kàn ń ṣe é ni.

Bí ìyá bá wá kú lórí ìkúnlẹ̀ ńkọ́? Wọn a wá obìnrin mìíràn nínú agboolé tó ń tọ́mọ lọ́wọ́, kí ó fi ọmú kan fún ọmọ tirẹ̀, kí ó fi èkejì fún ọmọ aláìníyàá. Bí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kò bá sí, ìyá àgbà a gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ sí àyà. Ọmọ a máa fa ọmú gbígbẹ náà lójoojúmọ́, wọn a sì máa fi ẹ̀kọ gbígbóná àti ọbẹ̀ olómi tọ́jú ìyá àgbà, títí omi ọmú yóò fi tún yọ. Ẹ má ṣe rò pé àlọ́ ni. Àwọn oníṣègùn ti rí i, wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀: bí ọmọ bá ń fa ọmú léraléra, ara obìnrin lè tún pèsè omi ọmú, kódà bí ó bá ti pẹ́ tó ti bímọ gbẹ̀yìn. Ọmọ tí kò bá rí èyí, tí kò rí ọ̀hún, ògì ṣíṣàn ni wọn yóò máa rọ ọ́. Wọn a tẹ́ ẹ sórí itan, wọn a ká àtẹ́lẹwọ́ sí i lẹ́nu, wọn a sì máa da ògì náà sí i díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń sunkún.

Kí a má tan ara wa jẹ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n fi ògì nìkan tọ́ ló kú. Omi àti èròjà afúnnilágbára ló pọ̀ nínú ògì. Ohun tí ń mú iṣan àti ọpọlọ ìkókó dàgbà kò tó nǹkan níbẹ̀. Ẹni tó ń sọ pé kò séwu láyé àtijọ́ kò rántí ọmọ òrukàn. Bí ẹnì kan bá wá ṣe wàrà tó lè dúró gẹ́gẹ́ bí ọmú fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ohun tó ṣe kì í ṣe kékeré.

Ohun tó sún àwọn òyìnbó dé ibẹ̀

Kì í ṣe ọ̀làjú ló bí wàrà agolo bí kò ṣe ikú ọmọdé. Ní ilẹ̀ Faransé, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé ní àwọn ìlú ńlá ni ń kó ọmọ tuntun wọn lọ fún àwọn alágbàtọ́ ní ìgbèríko, kí wọ́n máa fún wọn lọ́mú fún owó. Àwọn ọmọ náà kú tó bẹ́ẹ̀ tí oníṣègùn kan tó tún jẹ́ aṣòfin, Théophile Roussel, fi gbé òfin kan dìde. Wọ́n fọwọ́ sí òfin náà ní oṣù Kejìlá 1874: ìjọba yóò máa bojú tó gbogbo ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì tí òbí rẹ̀ fi sọ́dọ̀ alágbàtọ́ tó ń gbowó. Ọmọ tí kò lọ sọ́dọ̀ alágbàtọ́ lè bọ́ sọ́wọ́ ìgò. Ìgò ìgbà yẹn ní ọ̀pá rọ́bà gígùn kan lára, kí ọmọ lè máa dá a fà nínú ibùsùn láìsí ẹni tó dì í mú. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè fọ inú ọ̀pá náà kí ó mọ́. Wàrà a kan nínú rẹ̀, ìdin a fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ, ọmọ a sì máa fà á. Ọdún 1910 ni òfin ilẹ̀ Faransé tó fòfin de irú ìgò bẹ́ẹ̀.

Láàárín ikú wọ̀nyí ni Justus von Liebig, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Jámánì tí òkìkí rẹ̀ ti kàn káàkiri, gbé oúnjẹ ìkókó tirẹ̀ jáde ní 1865. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ìyá wọn kò lè fún lọ́mú ló mú un ronú kàn án. Ìyẹ̀fun ọkà wíìtì, ìyẹ̀fun ọkà bálì tí wọ́n ti jẹ́ kó hù, èròjà kan tó dà bí kánún, àti wàrà màlúù ni ó pò pọ̀. Liebig sọ pé àpòpọ̀ náà bá omi ọmú dọ́gba, ayé sì gbà á gbọ́ nítorí orúkọ rẹ̀. Ní 1867, Depaul, tó jẹ́ àgbà nínú ìmọ̀ ìgbẹ̀bí ní Paris, fún ọmọ tuntun mẹ́rin ní oúnjẹ náà. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àríyànjiyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní ilé ìjìnlẹ̀ ìṣègùn ti Faransé, ṣùgbọ́n ọjà kò dúró de àríyànjiyàn. Wọ́n ń tà á lọ.

Ọdún 1867 yẹn kan náà ni Henri Nestlé, ará Jámánì tó ti di ará Vevey ní ilẹ̀ Suwísì, bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìyẹ̀fun oníwàrà tirẹ̀: wàrà màlúù, ìyẹ̀fun wíìtì tí wọ́n ti yan, àti ṣúgà. Omi nìkan ni ènìyàn ní láti fi pò ó. Ọmọ tó kọ́kọ́ sọ ìyẹ̀fun náà di olókìkí jẹ́ ọmọ ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí oṣù rẹ̀ kò pé, tí ìyá rẹ̀ sì ń ṣàìsàn gidigidi. Ọmọ náà yè. Ẹ wò ó dáadáa: láti ọwọ́ Liebig dé ọwọ́ Nestlé, ọmọ tí ọmú kò sí fún ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn méjèèjì kò mọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀ nígbà náà. Wọn kò mọ̀ pé fítámì wà; ọdún 1912 ni ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé inú ìwé. Síbẹ̀ wọ́n ti fi ọkàn balẹ̀ pé ohun gbogbo tí ọmọ nílò wà nínú agolo. Ìwà yìí kò kúrò nínú iṣẹ́ náà láti ìgbà yẹn. Títí dé 1978 àti 1979, ní Amẹ́ríkà pàápàá, ilé-iṣẹ́ kan ta wàrà ẹ̀wà sóyà tí èròjà kan tó wà nínú iyọ̀, tí wọ́n ń pè ní kílóráìdì, kò tó nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń mu ún kò dàgbà bó ti yẹ, ọ̀rọ̀ náà ló sì bí òfin wàrà ìkókó ti Amẹ́ríkà ní 1980.

Kí ló wá jẹ́ kí ìgò dín ewu kù ní Yúróòpù? Ní 1892, Pierre Budin bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ìyá padà sí ilé ìwòsàn Charité ní Paris, kí wọ́n wá wọn ìkókó wọn lórí òṣùwọ̀n, kí ó sì gbà wọ́n níyànjú. Ọmú ni ó kọ́kọ́ ń tẹnu mọ́. Wàrà tí wọ́n ti sè kí kòkòrò inú rẹ̀ kú ni ó ń fún ẹni tí ọmú rẹ̀ kò tó. Ní 1894, Léon Dufour dá ilé kan sílẹ̀ ní Fécamp, ó pè é ní Goutte de lait, ìyẹn ẹ̀kán wàrà. Ọ̀rọ̀ tó fi ṣe àmì ilé náà ni «faute de mieux»: nígbà tí a kò rí èyí tó sàn jù. N kò tíì rí ọ̀rọ̀ mìíràn tó bá wàrà agolo mu tó bẹ́ẹ̀. Òṣùwọ̀n, omi mímọ́, iná ìdáná, oníṣègùn tó mọ orúkọ ọmọ: lẹ́yìn tí gbogbo ìwọ̀nyí ti wà ni ìgò tó di ohun tí kò léwu púpọ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n ń kó agolo wá sí etíkun wa, agolo nìkan ni wọ́n kó wá.

Accra, 1933

Wàrà tó kọ́kọ́ dé etíkun wa lọ́pọ̀ kì í ṣe ìyẹ̀fun. Wàrà dídì onísúgà ni, èyí tí wọ́n ti fa omi kúrò lára rẹ̀, tí wọ́n sì ti da ṣúgà sí lọ́pọ̀lọpọ̀ kí ó má baà bàjẹ́. Ṣúgà a máa tó nǹkan bí ìdajì ohun tó wà nínú agolo. Adùn rẹ̀ sọ ọ́ di ohun àfẹ́, a sì ṣì ń dà á sínú tíì títí dòní.

Dókítà Cicely Williams, obìnrin tí wọ́n bí ní Jàmáíkà, ń ṣiṣẹ́ ní Accra nígbà náà, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí. Ó rí àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí irun wọn pupa, tí awọ ara wọn ń bó. Àwọn oníṣègùn yòókù sọ pé àìsàn mìíràn tí wọ́n ti mọ̀ ni. Williams kò gbà. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá. Àwọn ará Gã sọ fún un pé kwashiorkor ni orúkọ rẹ̀, àìsàn tí ń ṣe ọmọ tí àbúrò ti gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ nípa àìsàn náà ní 1933, ó sì gbé orúkọ Gã náà sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn ní 1935. Gbogbo ayé ló ń lò ó títí dòní. Àwọn ìyá Gã ti mọ ohun tó fa àìsàn náà kí dókítà tó dé: wọ́n ti já ọmọ lẹ́nu ọmú, oúnjẹ àgbàdo nìkan ló kù fún un. Ẹni tó bá ka èyí yóò rí i pé ọgbọ́n kan náà ló wà nídìí èèwọ̀ àwọn ìyá tiwa pé kí ọlọ́mọ má sún mọ́ ọkọ.

Láti Accra, wọ́n gbé Williams lọ sí Éṣíà. Níbẹ̀ ló ti rí àwọn ọmọ tí ọmú ìyá wọn kún, tí wọ́n sì ń fi wàrà dídì onísúgà bọ́ wọn nítorí pé àwọn obìnrin tó wọ aṣọ funfun bíi ti nọ́ọ̀sì sọ fún ìyá pé èyí ló dára jù. Ní 1939, ní Singapore, ó dìde níwájú ẹgbẹ́ Rotary, ó sì sọ̀rọ̀ lábẹ́ àkọlé tó túmọ̀ sí «Wàrà àti Ìpànìyàn». Ohun tó sọ ni pé kí a máa pe ikú àwọn ọmọ wọ̀nyí ní orúkọ tó jẹ́. Ogun àgbáyé kejì dé láìpẹ́, àwọn ará Japan mú un sẹ́wọ̀n, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wọlẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún.

Ìbàdàn àti Ìmẹ̀sí-Ilé

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti tún yọrí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ fi etí sí. Ní àwọn ọdún 1950, ọ̀dọ́ dókítà kan tó ń jẹ́ Derrick Jelliffe ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ó wo bí àwọn ìyá Yorùbá ìlú náà ṣe ń bọ́ ọmọ, ó sì kọ ìwé lé e lórí ní 1953. Òun ni ẹni tó wá fún àìjẹunrekánú tí ọjà títà fà ní orúkọ tirẹ̀ nínú ìmọ̀ ìṣègùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ralph Hendrickse, tó wá láti Gúúsù Áfíríkà, di ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣègùn ọmọdé ní yunifásítì Ìbàdàn kan náà. Ẹnì kẹta ni David Morley, tó dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ní 1956, tó sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí abúlé Ìmẹ̀sí-Ilé.

Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, Morley àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń tẹ̀ lé ọmọ láti ọjọ́ tí wọ́n bí i, wọ́n ń wọ̀n ọ́n lóṣooṣù, wọ́n sì ń fi àmì ìwúwo rẹ̀ sórí ìlà kan nínú káàdì. Bí ìlà bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà. Bí ó bá dúró gbọnrangandan tàbí tí ó ń sọ̀, ewu ti dé kí ojú tó rí i. Ìyá ni wọ́n fi káàdì náà sọ́wọ́, kì í ṣe ilé ìwòsàn. Ọ̀nà yìí tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Nígbà tí ìyá kan ní Pobẹ̀ tàbí ní Atakpamé bá ṣí ìwé ìlera ọmọ rẹ̀ tí agbẹ̀bí sì fi ìka tẹ̀ lé ìlà ìwúwo inú rẹ̀, ohun tí wọ́n kọ́ lára àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé ni wọ́n ń lò.

Ohun tí ìlà náà tún fi hàn àwọn dókítà wọ̀nyí ni ọmọ inú ìgò. Omi odò ni ìyá fi pò ó. Igi ìdáná wọ́n, kò lè máa se omi nígbà mẹ́fà lóòjọ́. Agolo wọ́n, nítorí náà ìyẹ̀fun tó yẹ kó tán lọ́jọ́ mẹ́ta ni ó pín sí ọjọ́ mẹ́wàá. Omi funfun lásán ni ọmọ ń mu. Ìgbẹ́ gbuuru dé, ọmọ rù, ìyá sì ń gbìyànjú láti ra agolo mìíràn nítorí wọ́n ti sọ fún un pé oògùn ara ni. Ọmú rẹ̀ ti gbẹ ní àkókò yìí, nítorí ọmú tí ọmọ kò fà kì í dúró.

Ní oṣù Kẹjọ 1973, ìwé ìròyìn kan ní ìlú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, New Internationalist, gbé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pẹ̀lú dókítà méjì jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwòrán iwájú rẹ̀ ni ibojì ọmọdé kan ní Zambia. Ìyá ọmọ ti gbé ìgò àti agolo òfìfo lé e lórí, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbé ohun tí òkú fẹ́ràn sórí sàréè. Dókítà méjèèjì náà ni Hendrickse àti Morley. Ẹni ìkíní ti kọ́ ohun tó mọ̀ ní Ìbàdàn, ẹnìkejì ní Iléṣà àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ilẹ̀ Yorùbá wà láàárín ìtàn yìí. Àwọn ọmọ wa ni ẹ̀rí náà, àwọn ìyá wa ló gbà kí wọ́n wọ̀n wọ́n. Orúkọ wọn kò sí nínú ìwé kankan.

Ohun tó tẹ̀ lé e yára. Ní 1974, Mike Muller kọ ìwé pẹlẹbẹ kan fún ẹgbẹ́ War on Want. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní Bern túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Jámánì, wọ́n sì fún un ní àkọlé tó fi ẹ̀sùn pípa ọmọ kan Nestlé. Ilé-iṣẹ́ náà pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní 1976, adájọ́ dá àwọn mẹ́tàlá lẹ́bi nítorí àkọlé yẹn, ó bu owó ìtanràn 300 fúráńkì lé ẹnì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó tún sọ fún ilé-iṣẹ́ náà pé kí ó tún ọ̀nà tó ń gbà polówó ọjà rẹ̀ wò. Ní oṣù Keje 1977, àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọjà Nestlé sílẹ̀. Ní 21 oṣù Karùn-ún 1981, Àpérò Ìlera Àgbáyé ní Genève fọwọ́ sí Ìlànà Àgbáyé lórí títa ohun tí à ń fi dípò wàrà ọmú. Orílẹ̀-èdè 118 sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Amẹ́ríkà nìkan ló sọ pé rárá. Mẹ́ta kò dá sí i.

Òfin, nọ́ńbà, àti owó

Ìlànà náà kò fòfin de wàrà agolo, ohun tí àwọn kan ń sọ kò tọ̀nà. Ó ní kí wọ́n má polówó rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, kí wọ́n má fún ìyá ní agolo ọ̀fẹ́ tó máa ń fa ojú mọ́ra, kí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ má tọ aboyún tàbí ìyá ọmọ lọ, kí àwòrán ọmọ rọ̀bọ̀tọ̀ má sí lára agolo. Nàìjíríà sọ ọ́ di òfin ní 1990. Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ṣe décret tirẹ̀ ní ìparí 1997. Ẹni tó bá ń ka ara agolo dáadáa yóò rí i pé gbólóhùn tó sọ pé ọmú ló dára jù wà níbẹ̀, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́. Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ló fẹ́ràn láti kọ ọ́.

Àwọn nọ́ńbà ara agolo náà ní ìtàn tiwọn. Nọ́ńbà 1 ni ti ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Ní 1986, Àpérò Ìlera Àgbáyé kan náà sọ pé wàrà pàtàkì tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ tó ti kọjá oṣù mẹ́fà, ìyẹn nọ́ńbà 2, kò pọn dandan. Wọ́n ṣì ń tà á, wọ́n tún fi nọ́ńbà 3 kún un fún ọmọ tó ti ń rìn. Mo gbà pé ọjà ló bí nọ́ńbà 3, kì í ṣe ọmọ. Níti nọ́ńbà 1, àjọ Codex Alimentarius ti ní òdiwọ̀n fún un láti 1981, ó sì tún un ṣe ní 2007: iye èròjà tó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ ti wà lákọsílẹ̀, olówó pọ́ọ́kú tàbí olówó gọbọi. Agolo tó tẹ̀ lé òdiwọ̀n náà, tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, tí ìdérí rẹ̀ kò sì tíì ṣí, kò rẹlẹ̀ sí èkejì rẹ̀ nítorí pé owó rẹ̀ kéré. Èyí tó yàtọ̀ pátápátá ni wàrà tí à ń bu sí kọfí, ìbáà ṣe olómi tàbí dídì onísúgà. Kì í ṣe oúnjẹ ìkókó, bó ti wù kí àwòrán ara rẹ̀ dára tó. Ewu tí Williams rí ní 1939 ni.

Ìyẹ̀fun inú agolo kò bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò àìrí bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò. Ní òpin 2017 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2018, ilé-iṣẹ́ Lactalis ní ilẹ̀ Faransé ní láti kó wàrà ìkókó rẹ̀ padà láti orílẹ̀-èdè 83 nítorí kòkòrò salmonella, bẹ́ẹ̀ ni Faransé kò ṣaláìní omi mímọ́ àti ẹ̀rọ. Nítorí irú èyí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe sọ ní 2007 pé kí omi tí a óò fi pò ó má dín ní ìwọ̀n 70 nínú gbóná, kí ó lè pa kòkòrò inú ìyẹ̀fun náà, lẹ́yìn náà kí a jẹ́ kí ó tutù kí ọmọ tó mu ún. Èyí tó bá sì kọjá wákàtí méjì, kí a dà á nù. Lára ọ̀pọ̀ agolo tó ń ti Faransé wá, ìwọ̀n ṣíbí inú rẹ̀ kan, tí a fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ dọ́gba, ni fún 30 mílílítà omi. Kí a má dín in nítorí owó, kí a má fi kún un nítorí ìfẹ́.

Owó yẹn ni kókó. Ọmọ tí kò mu ọmú rárá nílò bí 20 kílógíráàmù ìyẹ̀fun ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, èyí tó jẹ́ 40 agolo tó wọn 500 gíráàmù. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ lọ béèrè iye agolo kan ní ìlú yín, kí ẹ sọ ọ́ di ọ̀nà ogójì, kí ẹ sì fi wé owó oṣù ẹni tí ẹ mọ̀. Ẹ má gbàgbé igi tàbí gáàsì ìdáná.

Àìsàn Sídà wá tún da ọ̀rọ̀ rú ní àwọn ọdún 1990. Ọmọ lè kó kòkòrò rẹ̀ nínú ọmú, nítorí náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ìyá tó ní i ní agolo. Ní Botswana, ìjọba ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Òjò ńlá rọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2006, omi bàjẹ́, ìgbẹ́ gbuuru sì pa ọ̀pọ̀ ìkókó. Àwọn tí kò mu ọmú ló pọ̀ jù nínú wọn. Láti 2010, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi ọwọ́ sí i pé kí irú ìyá bẹ́ẹ̀ máa lo oògùn rẹ̀ déédéé kí ó sì máa fún ọmọ lọ́mú, níbi tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ bá ti yan ọ̀nà yẹn. Dókítà tirẹ̀ ni yóò bá a yan èyí tó yẹ, kì í ṣe aládùúgbò, kì í sì í ṣe èmi.

Ó ku ọmọ òrukàn. Ọmọ yìí ṣì wà láàárín wa. Ìyá àgbà rẹ̀ ní abúlé kan ló gbé e pọ̀n, agolo sì jìnnà sí i ju bí ó ti jìnnà sí ọmọ olówó tí kò nílò rẹ̀ lọ. Àwọn ẹgbẹ́ wa a máa gbé agolo wàrà mélòó kan lọ sí ilé ọmọ òrukàn ní àkókò ọdún, wọn a ya fọ́tò, wọn a sì padà sílé. Ìlànà 1981 ní ọ̀rọ̀ fún wa níbẹ̀, nínú abala kẹfà rẹ̀: ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ tọ́ fún kìkì ọmọ tí kò ní ohun mìíràn láti mu, bí wọ́n bá sì ti gbé e jáde fún un, wọ́n gbọ́dọ̀ rí i pé kò tán títí dìgbà tí ọmọ náà kò ní nílò rẹ̀ mọ́. Ọmọ kan, ogójì agolo.